Gọ́mbò fún àwọn àna mi: rúù mi ti jóná lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbà mí o

Ìyá Dára, Houston

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọkùnrin mi àgbà ti rí ìyàwó. Ọmọ Lafayette ní Louisiana ni ọmọbìnrin náà, Cajun pọ́ńbélé, àwọn ìran Faransé ibẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ń bọ̀ wá kí wa ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Ká ní iyán àti ẹ̀gúsí ni, mi ò ní wá síbí rárá. Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ti sọ fún ọmọ pé èmi fúnra mi ni màá se gọ́mbò, ọbẹ̀ ilẹ̀ wọn, fún wọn. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń dán an wò. Rúù yẹn, èyí tí wọ́n ń kọ ní roux, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi òróró yan, ó ti jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní kí n dá ẹni tó pè mí lórí fóònù lóhùn. Kí n tó yíjú padà, nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ ti kún inú rẹ̀ bí ìgbẹ́ eku. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé mo ṣì lè gbà á là, mo da omi ẹran lé e lórí. Gbogbo ìkòkò korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Adìyẹ odindi kan bá a lọ.

Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í jóná? Ṣé kí n fi ilá sí i ni àbí kí n má fi sí i? Ọkọ mi ò sì jẹ ẹlẹ́dẹ̀ o, kí ni kí n fi dípò sọ́sééjì wọn?

Bọ̀ọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Baton Rouge

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire ìyàwó. Ẹ má fòyà mà. Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé ní Louisiana, rúù tí mo ti sun nù ju tiyín lọ fíìfíì.

Iná ló ń bà á jẹ́. Ó dá mi lójú pé ibì kan lẹ ti kà á pé ìṣẹ́jú 15 ló máa gbà, lẹ bá gbé iná sókè. Iná tí kò le ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ya ìṣẹ́jú 40 sí 45 sọ́tọ̀ tí ẹsẹ̀ yín ò ní kúrò nídìí ààrò. Ẹ ti lọ tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa fóònù. Ẹ ti gé àlùbọ́sà, sẹ́lẹ́rì àti tàtàṣé aláwọ̀ ewé sílẹ̀ nínú abọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, torí tí rúù bá ti dé ibi tí ẹ fẹ́, kò sí àyè pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀bẹ.

Kọ́ọ̀pù òróró kan, kọ́ọ̀pù ìyẹ̀fun kan. Kì í ṣe bọ́tà o, bọ́tà máa ń tètè jóná. Ìkòkò onírin tó wúwo, tí ìdí rẹ̀ nípọn, ni kí ẹ gbé kaná. Igi ìrokà tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sàn ju ṣíbí onígi lọ, torí kọ̀rọ̀ ìkòkò ni jíjóná ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣíbí ò sì lè dé ibẹ̀ dáadáa.

Ẹ wá máa rò ó. Lákọ̀ọ́kọ́ yóò funfun, yóò ki bí ẹ̀kọ. Ní ìṣẹ́jú 10, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi yanrìn, ẹ óò máa gbóòórùn bíi ti búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde. Ní bíi 20, ó ti di àwọ̀ ẹ̀pà lílọ̀, òórùn ẹ̀pà yíyan gan-an ló sì máa rú. Ibí yìí ló ti máa ń tan èèyàn jẹ, torí ó máa tú lójijì, á máa ṣàn bí omi, ẹ óò rò pé ẹ ti ṣe é ṣì. Ẹ ò ṣe nǹkan kan ṣì. Ẹ dín iná kù síbẹ̀, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni á pọ́n bí owó idẹ tuntun, tí á wá dúdú bíi ṣokoléètì. Kíá, ẹ da àlùbọ́sà sí i. Ariwo ṣàà tí ẹ máa gbọ́ yẹn, àlùbọ́sà ló ń pa iná inú rúù. Òórùn tó máa jáde nígbà yẹn, àwọn aládùúgbò yín á wá bi yín pé kí lẹ ń sè.

Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Àwọn alásè ibí máa ń pe rúù ní napalm, orúkọ bọ́ǹbù iná, wọn kì í ṣàwàdà. Kì í ta síni lára kó bọ́ bí òróró, ńṣe ló máa ń lẹ̀ bí ọ̀dà títì. Àpá kan wà lọ́rùn ọwọ́ òsì mi tó tó ẹyọ owó kan. Kí n tó sáré dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó ti bó.

Tí ẹ bá sì ti rí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ yẹn, ẹ dà á nù. Ẹ má sẹ́ ẹ, ẹ má fi Mágì tàn án. Ìyẹ̀fun ò wọ́n tó adìyẹ.

Ìyá Dára, Houston

Ẹ̀pà lílọ̀! Ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbé iná sókè, mo rò pé ó ti ṣomi. Olúwa ló rán yín sí mi, àbúrò.

Àǹtí Peckham

Èmi ò ní ìṣẹ́jú 45 láti dúró bí ọlọ́pàá títì nídìí ìkòkò kan. Inú ààrò ni mo ti ń ṣe tèmi. Ẹ da ìyẹ̀fun lásán, tí kò ní òróró, sínú páànù tó fẹ̀, ẹ fi sínú ààrò tó gbóná dé 180°C. Ní ìṣẹ́jú 15 sí ìṣẹ́jú 15 ẹ máa rò ó, ẹ máa wo igun páànù. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan ó ti pọ́n bí ẹ̀pà. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dé e sínú ìgò, ó máa wà fún oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sebẹ̀, ẹ fi omi ẹran tútù pò ó bí ẹni po ẹ̀kọ kí ẹ tó dà á síná, kó má baà di kókó. Ọkọ mi tó ní ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí kò ní òróró yìí ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Baton Rouge

Àǹtí, tí ẹ bá sọ ìyẹn ní Lafayette, wọ́n á lé yín kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí màá fi kún un ni pé bí rúù bá ṣe dúdú tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ láti mú ọbẹ̀ ki máa ń dín kù. Tí gọ́mbò yín bá ṣàn ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìyẹ̀fun tútù sí i. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọbẹ̀ ni, kì í ṣe àsáró.

Alhaji Ìlọrin

Ẹ máa wò ó, gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, ọbẹ̀ ilá wa náà ni wọ́n kó lọ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Gọ́mbò, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, ìyẹn ò ṣòro. Nígbà tí mo wà ní Dallas, ọrùn tòlótòló tí wọ́n fi èéfín gbẹ ni mo ń lò, mo sì ń ra sọ́sééjì ẹran màlúù oníèéfín lọ́wọ́ àwọn alápatà Mùsùlùmí. Ẹ kọ́kọ́ fi ọrùn tòlótòló se omi ọbẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Sọ́sééjì ní tirẹ̀, ẹ gé e, ẹ din ín gbẹ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òórùn èéfín yẹn gan-an ni àwọn ará ibẹ̀ ń wá nínú ọbẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀.

Tìṣà Àgbà, Atlanta

Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fi oko olóko sílẹ̀ fún olóko. Àwọn onímọ̀ èdè tọpasẹ̀ orúkọ yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Bàǹtú, tí wọ́n ń pe ilá ní ki ngombo. Lóòótọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni ilá ti lọ, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kì í ṣe tiwa. Ní 1719 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kó ẹrú wá tààrà láti Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Louisiana, abẹ́ àwọn Faransé ló wà nígbà yẹn. Sẹ̀nẹ̀gáḿbíà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí àwọn Faransé kó lọ ti wá, àwọn tó ti mọ ìrẹsì í gbìn láti ilé. Nítorí náà, ìrẹsì tó wà lábẹ́ gọ́mbò yẹn, ọwọ́ àwọn ẹrú ló ti jáde, ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ yẹ kó mọ̀.

Àwọn Cajun ní tiwọn, Nova Scotia ní Kánádà ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1755 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ó di ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí àwọn kan nínú wọn tó rí ibi fìdí kalẹ̀ sí ní Louisiana, nínú irà àti pápá. Acadien ni wọ́n ń pe ara wọn, òun ló yí di Cajun lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìkòkò kan ṣoṣo, ohun tí oko àti odò bá mú wá, bí wọ́n ṣe ń jẹun nìyẹn. Oúnjẹ Creole jẹ́ ti ìlú, ti New Orleans: Faransé, Sípéènì, Áfíríkà àti àwọn onílẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀, tòmátò náà wà ńbẹ̀.

Ìyá Dára, ìdí tí mo fi ń ro gbogbo ẹjọ́ yìí rèé: Lafayette ni àwọn àna yín ti wá. Ẹ MÁ FI TÒMÁTÒ SÍ GỌ́MBÒ WỌN.

Ìyá Dára, Houston

Yéè. Mo ti lọ ata sílẹ̀ o. Tòmátò, tàtàṣé, rodo. Abọ́ kan gbáko.

Bọ̀ọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Baton Rouge

Ẹ gbé e sínú fírísà mà, ẹ óò fi se ìrẹsì lọ́jọ́ mìíràn. Rodo náà kọ́. Ata ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ tí wọ́n gún ni wọ́n ń lò, ìwọ̀nba ni. Ata wọn kì í gbé ọbẹ̀ mì. Ẹni tó bá fẹ́ kó ta á fi ata olómi inú ìgò sí i fúnra rẹ̀ lórí tábìlì.

Alhaji Ìlọrin

Tìṣà, mo gbọ́. Àwọn obìnrin tó ń kiri calas ní New Orleans láyé àtijọ́ ń kọ́? Àkàrà kọ́ nìyẹn?

Tìṣà Àgbà, Atlanta

Ìrẹsì sísè, ẹyin, ṣúgà àti èso ariwo (nutmeg) ni wọ́n fi ń din calas sà, kò sí ẹ̀wà nínú rẹ̀. Ó sún mọ́ másà ju àkàrà lọ. Tí ẹ bá ń wá àkàrà tó sọdá òkun tí kò yí orúkọ padà, Bahia ní Brazil ni kí ẹ lọ. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, inú epo pupa ni wọ́n ti ń din ín.

Alhaji Ìlọrin

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà lórí filé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní lúrú rèé! Ewé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, àwọ̀ ewé tó ṣá díẹ̀, tí wọ́n ń bù sọ́bẹ̀ kó lè fà. Ẹni tó bá ti rí ìyàwó ilé ní Ìlọrin tó ń da lúrú sílẹ̀ kò nílò àlàyé.

Bọ̀ọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Baton Rouge

Ibí yìí ni Alhaji ti gbá a sínú àwọ̀n. Àwọn Choctaw, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ló ni filé. Ewé igi sassafras ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gbọ́: ẹ kì í sè é lórí iná bí ẹ ti ń se lúrú. Tó bá hó, á máa fà bí okùn, kò ní wu ẹnikẹ́ni í jẹ. Ẹ gbé ìkòkò sọ̀ kí ẹ tó bù ú sí i, tàbí kí ẹ gbé e sórí tábìlì kí kálukú bù sí àwo tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe máa ṣe tiyín nìyẹn.

Lórí ilá: tí ẹ bá fi ilá sí i, ẹ má fi filé sí i mọ́, ọ̀kan ló tó. Ní ọ̀pọ̀ ilé Cajun, gọ́mbò adìyẹ àti sọ́sééjì kì í ní ilá, gọ́mbò edé àti alákàn ló sábà máa ń ní in. Àwa ń wá ilá tó fà, àwọn ń sá fún un. Wọ́n á din ilá lórí iná títí gbogbo yíyọ̀ rẹ̀ á fi gbẹ kí wọ́n tó dà á sọ́bẹ̀. Ìyá mi wá kí mi lọ́dún kan, ó rí i tí ìyàwó mi ń ṣe é, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ilá ṣẹ̀ ọ́?"

Ẹ gbé àdìpọ̀ rẹ̀ fún èèyàn mẹ́jọ: rúù kọ́ọ̀pù kan sí kọ́ọ̀pù kan, àlùbọ́sà ńlá 2, sẹ́lẹ́rì igi 3, tàtàṣé aláwọ̀ ewé 1, áyù bíi eyín 4, odindi adìyẹ 1 tí ẹ ti gé tí ẹ sì ti din kó pọ́n, sọ́sééjì bíi 450g, omi ẹran lítà 2, ewé bay 2, tíìmù. Ẹ jẹ́ kó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún wákàtí kan ààbọ̀. Òróró á léfòó, ẹ máa fi ṣíbí gbọ́n ọn kúrò, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ sè é, kì í ṣe Sátidé. Tó bá sùn mọ́jú nínú fíríjì, adùn rẹ̀ á yàtọ̀. Ìrẹsì funfun lọ́tọ̀.

Ẹ sì se sàláàdì ọ̀dùnkún òyìnbó (potato salad) díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Ṣadé Lẹ́kí

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ rántí wa nílé. Sẹ́lẹ́rì tí ẹ ń pè yẹn, ilé ìtajà kan ṣoṣo ni mo ti rí i ládùúgbò wa, owó tí wọ́n ń tà á tó owó adìyẹ. Kí la lè fi dípò?

Kí n sì jẹ́wọ́ kan. Lọ́dún tó kọjá mo ka bí wọ́n ṣe ń se crawfish étouffée, ọbẹ̀ wọn mìíràn. Mo ní edé náà nìyẹn, ṣebí crayfish là ń pè é lọ́jà Mushin. Mo gún edé gbígbẹ ṣíbí márùn-ún sínú bọ́tà àti ìyẹ̀fun. Ẹ̀yin èèyàn mi, ológbò ilé wa gan-an gbóòórùn rẹ̀, ó jáde síta.

Bọ̀ọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Baton Rouge

Ṣadé, o pa mí lẹ́rìn-ín débi pé mo da kọfí sí aṣọ iṣẹ́! Crawfish ò jọ edé wa gbígbẹ rárá. Ẹran inú omi tí kò níyọ̀ ni, inú irà àti oko ìrẹsì ni wọ́n ti ń mú un, ó ní èékánná méjì bíi ti alákàn, ó gùn tó ìka àárín. Ìrù rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Tí o bá fẹ́ ṣe étouffée nílé, edé tútù ńlá ni kó o rà. Má ṣe da orí rẹ̀ nù. Fi orí àti èèpo rẹ̀ se omi fún ìṣẹ́jú 20, sẹ́ ẹ, omi yẹn ni adùn ọbẹ̀ rẹ. Rúù ti étouffée kò gbọ́dọ̀ dúdú, bọ́tà la fi ń ṣe é, ibi àwọ̀ yanrìn yẹn la ti ń dúró. Edé ló máa wọlé kẹ́yìn, ìṣẹ́jú 4 péré. Tó bá ti ká bí òrùka, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ìrù crawfish tí wọ́n ti bó tó wà nínú fírísà, ẹ ka ẹ̀yìn àpò rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ti Ṣáínà pọ̀ níbẹ̀, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fọ ọ̀rá rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn dànù, ọ̀rá yẹn sì ni ọbẹ̀.

Àǹtí Peckham

Lórí sẹ́lẹ́rì: kò sí ohun tó rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ìdajì ni sẹ́lẹ́rì àti ìdajì ni tàtàṣé sí àlùbọ́sà, nítorí náà igi méjì sí mẹ́ta péré máa tó ọ. Ra ẹyọ kan, gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, pín in sínú ọ̀rá, kó o sínú fírísà. Tó o bá se ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ti dì rí. Ewé àlùbọ́sà tí àwọn kan ń sọ pé ká fi dípò, ó dára láti wọ́n sórí nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, kò lè ṣiṣẹ́ ti sẹ́lẹ́rì.

Ẹni Ìrẹsì, Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ ká sọ ti jambalaya, ìrẹsì wọn. Mo sè é, ọ̀rẹ́ mi jẹ ẹ́, ó ní jọ̀lọ́ọ̀fù tí kò yọ ni. Níbo ni mo ti ṣìṣe?

Bọ̀ọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Baton Rouge

O bọ ìrẹsì lákọ̀ọ́kọ́, àbí? O tún da ata lílọ̀ sí i. Mo mọ̀.

Oríṣi méjì ló wà. Pupa tí wọ́n ń fi tòmátò sè ní New Orleans, ìyẹn gan-an ló jọ tiwa. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti Gonzales, ìlú kan tí kò jìnnà síbí, tí wọ́n ń pe ara wọn ní olú ìlú jambalaya lágbàáyé. Kò sí tòmátò nínú rẹ̀, ó sì pọ́n. Ibo ni àwọ̀ yẹn ti wá? Ìdí ìkòkò ni. Gé adìyẹ, dà á sínú ìkòkò onírin tó gbóná, fi í sílẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Má bẹ̀rù. Tí ìdí bá ti pọ́n dúdú díẹ̀, da omi ẹran ìwọ̀nba sí i, fi igi há a kúrò. Jẹ́ kó tún gbẹ, kó tún lẹ̀, tún há a. Mo máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àlùbọ́sà á wọlé, òun náà á pọ́n. Sọ́sééjì. Lẹ́yìn náà ni omi ẹran, kọ́ọ̀pù 3 àti ààbọ̀ fún ìrẹsì parboiled kọ́ọ̀pù 2, tí o fọ̀ nìkan, tí o kò bọ̀. Tọ́ omi náà wò kí ìrẹsì tó wọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ níyọ̀ jù díẹ̀ lẹ́nu, torí ìrẹsì á mu ún. Tó bá hó, dé e pa, iná kíún, ìṣẹ́jú 25. Má ṣí i. Má rò ó. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún ọ, lọ gbálẹ̀ ilé.

Ẹni Ìrẹsì, Ìbàdàn

Mo bọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ẹ ò burú sà.

Àǹtí Peckham

Kí n kìlọ̀ lórí ẹ̀wà pupa wọn, red beans, kí ẹnì kan má baà kó sí ohun tí mo kó sí. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ ní New Orleans, torí ọjọ́ ìfọṣọ ni láyé àtijọ́: wọ́n á gbé ẹ̀wà kaná pẹ̀lú eegun tó ṣẹ́ kù láti ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á lọ fọṣọ. Louis Armstrong fẹ́ràn rẹ̀ débi pé orúkọ oúnjẹ yìí ló fi ń parí lẹ́tà rẹ̀.

Èmi náà gbọ́n, mo rẹ ẹ̀wà, mo dà á sínú ìkòkò oníná mànàmáná tó máa ń rọra se nǹkan látàárọ̀ dalẹ́, mo lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀wà náà kò rọ̀ délẹ̀, a ṣáà jẹ ẹ́. Kò pé wákàtí mẹ́ta, èmi àti ọkọ mi ń du ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Oró kan wà nínú irú ẹ̀wà tó rí bíi kíndìnrín yẹn, ẹ̀wà olóyin wa ò ní in tó bẹ́ẹ̀. Iná tó hó gidi ló ń pa á, iná wọ́ọ́rọ́wọ́ tún lè mú un le sí i. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi tuntun hó o gidi, ìṣẹ́jú 10 ló kéré jù, èmi a máa fún un ní 30, kí ẹ tó wá rọra sè é fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Nígbà tó bá kù díẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ díẹ̀ fọ́ mọ́ ara ìkòkò, á ki fúnra rẹ̀.

Màmá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Abẹ́òkúta

Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba gọ́mbò ẹlẹ́fọ̀ọ́, gumbo z'herbes. Leah Chase, màmá tó dáná ní Dooky Chase's ní New Orleans fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 2019 lẹ́ni ọdún 96, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lọ jẹ ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́. Iye oríṣi ẹ̀fọ́ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ó lè jẹ́ 7 tàbí 9. Wọ́n ní iye ẹ̀fọ́ tó o bá fi sí i ni iye ọ̀rẹ́ tuntun tó o máa ní. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewé ẹ̀gẹ́, ẹ̀fọ́ yánrin, kábéèjì, ewúro díẹ̀ tí mo fọ̀ dáadáa: méje nìyẹn. Mo bọ̀ wọ́n, mo lọ ìdajì, mo fún gbúre gbẹ torí omi ara rẹ̀. Ọkọ mi ní ẹ̀fọ́ rírò tó lọ sí yunifásítì ni.

Ṣadé Lẹ́kí

Ẹja tó dúdú yẹn ń kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní blackened?

Bọ̀ọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Baton Rouge

Paul Prudhomme, tó ṣí ilé oúnjẹ K-Paul's ní New Orleans ní 1979, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Àwọn èèyàn jẹ redfish, ẹja tó kọ́kọ́ fi ṣe é, débi pé ìjọba fòfin de pípa á fún títà nínú omi ìjọba àpapọ̀. Ẹja àrọ̀ ni kó o lò. Tẹ ẹ́ bọnú bọ́tà yíyọ́, fi tíìmù, áyù lílọ̀, ata ṣọ̀ǹbọ̀, paprika, pẹ́pà dúdú àti funfun pa á lára, jù ú sínú páànù onírin tó ti gbóná gan-an, ìṣẹ́jú méjì méjì lójú kọ̀ọ̀kan. Ìta ni kó o ti ṣe é. Mo ṣe é nínú ilé lẹ́ẹ̀kan, àwọn panápaná ló wá kí wa.

Ìyá Dára, Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti dé.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo sè é. Ìṣẹ́jú 43, mo ka á lójú aago. Mo rán Dára lọ sí ilé àbúrò mi kó má baà pè mí. Nígbà tó dé ibi ẹ̀pà lílọ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ọkàn mi já, mo dín iná kù, mo ń rò ó, mo ń sọ fún ara mi pé ibí yìí ni Bọ̀ọ̀dá Nọ́ọ̀sì ní kí n má sá. Ó di ṣokoléètì.

Ní Sátidé, bàbá ìyàwó wa bu ṣíbí kan, kò sọ̀rọ̀. Ó tún bu òmíràn. Ó wo inú àwo, ó wo ojú mi, ó béèrè pé ṣé sàláàdì ọ̀dùnkún wà? Mo gbé e jáde. Ó sọ odindi ṣíbí kan sínú gọ́mbò, ó pò ó mọ́ ọn! Ọkọ mi wò mí. Mo ní kó má wò mí, ìlànà dókítà ni. Màmá ìyàwó wa béèrè irú sọ́sééjì tí mo lò. Mo ní màlúù ni, ó ní òun ò mọ̀. Wọ́n jẹ iyán náà o, àwo méjì méjì.

Ìkòkò ti tán. Díẹ̀ tó wà nínú fírísà, Dára ti kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù: wọ́n ní kí a wá sílé àwọn ní oṣù Kẹrin fún crawfish bíbọ̀. Wọ́n máa ń dà á sórí ìwé ìròyìn lórí tábìlì gbọọrọ, kò sí ṣíbí, kò sí fọ́ọ̀kì. Báwo ni mo ṣe máa jẹ ẹ́ tí mi ò fi ní dójú ti ọmọ?

Bọ̀ọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Baton Rouge

Ẹ má wọ aṣọ funfun mà, ẹ má sì wọ léèsì. Fi ọwọ́ òsì di orí rẹ̀ mú, fi ọ̀tún lọ́ ìrù, á já. Ẹ fa omi inú orí rẹ̀ mu kí ẹ tó jù ú sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà mọ nǹkan. Ẹ bó òrùka èèpo àkọ́kọ́ àti ìkejì lára ìrù, ẹ fi ìka fún ìdí rẹ̀ pinpin, ẹran á yọ jáde fúnra rẹ̀. Ẹ fa ìfun dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò.

Ẹ má fọwọ́ kan ojú títí ẹ ó fi fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́ẹ̀mejì.